Ọkọ mi ní ká kó ọmọ méje lọ sóko. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbébẹ̀ rí, ẹ bá mi sọ ọ́

Ìyá Ọlọ́mọ Méje
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ará Òṣogbo Òròkí. Ọmọ méje l'Ọlọ́run fún wa, ìbejì ló kẹ́yìn. Yàrá méjì là ń gbé l'Ókè-Baálẹ̀, onílé sì tún ti fowó lé owó ilé. Ilẹ̀ kan wà tí bàbá ọkọ mi fi sílẹ̀, téèyàn bá kọjá Ìlobù díẹ̀, éékà mẹ́rin. Bàbá wọn ti wá pinnu: ká kó lọ síbẹ̀, ká mọlé, ká gbin gbogbo ohun tí a ó máa jẹ, ká sin ewúrẹ́ àti adìẹ, ká má ra nǹkan kan lọ́jà mọ́ àfi iyọ̀. Inú fóònù ló ti rí i. Òyìnbó kan tó bí mẹ́wàá, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín láàárín ewébẹ̀, ẹ̀fọn ò jẹ ẹnì kankan. Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ lóko, tàbí tẹ́ ẹ ti tọ́mọ níbẹ̀, báwo ló ṣe rí gan-an?

Ará Ìlobù
Iyọ̀ nìkan kẹ̀? Ìṣáná ńkọ́? Máàgí ńkọ́? Dátà tí ọkọ yín á fi máa wo òyìnbó ńkọ́?

Àgbẹ̀ Ìrọ̀lẹ́
Mo dán an wò fún ọdún méjì, lójú ọ̀nà Ìkìrun. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ẹnu mẹ́sàn-án. Iṣu mẹ́ta lóòjọ́, kò pọ̀ jù. Ọdún kan á gba iṣu 1,095. Ebè kan, iṣu kan, ìyẹn tí òkété ò bá bá yín dá sí i. Ẹ tún yọ èyí tẹ́ ẹ máa gbìn lọ́dún tó ń bọ̀ sọ́tọ̀. Ta ló máa kọ ebè yẹn? Igba ni mo kọ, ẹ̀yìn mi ṣì ń bá mi sọ̀rọ̀ di òní. Èyí tó wá le jù ni oṣù karùn-ún sí ìkeje. Iṣu èṣí ti hù, ó ti ń rà, tuntun ò tíì ta. Gàrí là ń mu. Gàrí tí a rà ni o.

Ọmọ Aláró
Ẹ dá àáró.

Àgbẹ̀ Ìrọ̀lẹ́
Pẹ̀lú ta? Orí ọ̀kadà làwọn géńdé àdúgbò yẹn wà.

Ọmọ Aláró
Ẹ bẹ ọ̀wẹ̀ nígbà náà.

Tíṣà Àná
Àáró, ẹ ó san án padà lóko ẹnìkejì. Ọ̀wẹ̀, ẹ ó se oúnjẹ fún wọn. Ogún géńdé tó bá jẹun tán lóko yín, iṣu tẹ́ ẹ tìtorí ẹ̀ pè wọ́n ti tán nìyẹn.

Ọmọ Abà
Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Àwa mọ́kànlá, ìyá méjì, bàbá kan. Abà wa wà lójú ọ̀nà Ìbòkun. Lóòótọ́, a kì í ra oúnjẹ. Epo tí a fúnra wa ṣe la fi ń sebẹ̀, ọṣẹ dúdú tí ìyá àgbà fi eérú èèpo kòkó àti àdín ṣe la fi ń wẹ̀. Ebi ò pa wá rí, mi ò ní parọ́. Ẹran ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Inú ọpọ́n kan ni màámi máa ń da ọkà sí, á to ẹran sórí ìdérí, àgbà á kọ́kọ́ mú. Èmi ni ìkẹsàn-án. Egungun ni mo mọ̀ dáadáa.

Lọ́dún 1979, Bọ́lá Ìgè sọ iléèwé girama di ọ̀fẹ́. Bùọ̀dá mi ti parí pírámárì láti ọdún méjì, owó ni ò jẹ́ kó lọ. Èmi àti ọmọ ìyá kejì parí lọ́dún yẹn. Àwa mẹ́ta náà ló kàn. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa àgbà ti sá lọ sí Èkó. Lálẹ́ ọjọ́ kan, bàámi ń pọ́n àdá lórí òkúta, ó pè wá, ó ní ká ṣí àtẹ́lẹwọ́. Ó gbé àtùpà sún mọ́ ọn, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti bùọ̀dá mi ló le jù. Ó ní, "Ọwọ́ tìẹ ti mọ ọkọ́." Ó tún ń pọ́n àdá ẹ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀ òun ló mọ ìṣirò jù nínú wa. Ó ti lé lọ́gọ́ta báyìí, ó ṣì wà lóko náà. Tí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, á fi iṣu ránṣẹ́ sí gbogbo wa. Eédú ló fi ń kọ iye ẹ̀ sára àpò, bí kálukú ṣe bímọ tó ló ṣe ń pín in. Kò ṣì í rí.

Ìyá Ọlọ́mọ Méje
Ha.

Sọ Òótọ́
Bàbá yín ò gbìyànjú. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ṣe é, kí ló tún ń wá?

Ọmọ Abà
Bàámi ti di olóògbé. Ẹ rọra.

Tíṣà Àná
Ẹni tí ò bá sí níbẹ̀ á rò pé ó rọrùn ni. Mo ń ṣe tíṣà nígbà yẹn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ la ṣì wà, 1991 ni wọ́n tó yọ Ọ̀ṣun. Abẹ́ igi ọdán ni mo ti kọ́ kíláàsì kan torí ọmọ kún yàrá. Owó iléèwé di ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ò di ọ̀fẹ́. Ẹni tó bá kó mẹ́ta lọ síléèwé, ta ló máa tu koríko ìdí ẹ̀gẹ́? Mi ò gbè sẹ́yìn bàbá náà o. Àmọ́ ẹ wo bí oko ṣe ń rìn: bó bá ti fẹ́ bọ́ ẹnu mẹ́rìnlá, ó máa ní kẹ́nì kan dúró.

Sọ Òótọ́
Kí bàbá fúnra ẹ̀ dúró.

Àǹtí Àkọ́bí
Bùọ̀dá lẹ̀ ń sunkún lé látàárọ̀. Ta ló tiẹ̀ bi àwa obìnrin? Àwa mẹ́jọ, èmi ni àkọ́bí. Mẹ́rin nínú wọn, ẹ̀yìn mi ni wọ́n gbé mọ ìrìn. Mo ń pọnmi, mo ń ṣa èpò, mo ń yan gàrí, ọmọ wà lẹ́yìn mi, èéfín agbada ń ta sójú àwa méjèèjì. Ẹnikẹ́ni ò ní kí n ṣí àtẹ́lẹwọ́, wọn ò tiẹ̀ ka èmi mọ́ ẹni tó ń lọ. Nígbà tí mo délé ọkọ, mo ti tọ́mọ tán. Méjì ni mo bí, mo ti ilẹ̀kùn.

Ará Ìlobù
Ẹ ti ilẹ̀kùn kẹ̀! Mo rẹ́rìn-ín títí, ìyàwó mi wá ń bi mí pé kí ló dé.

Ọmọ Abà
Òótọ́ lẹ sọ, Àǹtí. Àwa náà ní àǹtí kan bẹ́ẹ̀. Mi ò tiẹ̀ dárúkọ rẹ̀ nínú ìtàn mi.

Àǹtí Àkọ́bí
Mo rí i.

Ìyá Eléwúrẹ́
Ẹ jẹ́ ká padà sọ́rọ̀ oko. Ìyá Ọlọ́mọ Méje, tẹ́ ẹ bá máa sin ewúrẹ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n jẹ èèpo gbágùúdá tútù. Ọjọ́ tí a bó gbágùúdá gàrí ni mo gbàgbé ilẹ̀kùn. Kí n tó ti odò dé, ikùn wọn ti wú, itọ́ ń hó lẹ́nu wọn. Mẹ́fà. Èyí tó lóyún wà níbẹ̀.

Ọmọ Aláró
Wọ́n fi nǹkan míì sí i ni. Ogún ọdún ni ìyá mi fi bọ́ ewúrẹ́ pẹ̀lú èèpo pákí.

Ìyá Eléwúrẹ́
Kò sẹ́ni tó fi nǹkan sí i. Májèlé wà nínú èèpo tútù, ti gbágùúdá kíkorò ló le jù. Tẹ́ ẹ bá sá a kó gbẹ dáadáa, ó ti rọlẹ̀. Ẹ bi ìyá yín bóyá tútù ló fi ń bọ́ wọn.

Ọmọ Aláró
Mo ti pè wọ́n. Wọ́n ní orí àpáta làwọn máa ń sá a sí.

Ará Ìlobù
Ẹ̀gẹ́, gbágùúdá, pákí. Ẹ kọ́kọ́ yan orúkọ kan kí ewúrẹ́ mọ ohun tó pa á.

Àgbẹ̀ Ìrọ̀lẹ́
Ẹ ò tíì sọ ti lúkúlúkú, àrùn tó ń pa adìẹ. Ogójì adìẹ ni mo ní. Ọyẹ́ mú, láàárọ̀ ọjọ́ kan mo rí méjì tí ọrùn wọn lọ́, wọ́n ń yàgbẹ́ bí omi ewé. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn ẹ̀, ó ku àkùkọ kan ṣoṣo, èyí tó máa ń ṣá mi lẹ́sẹ̀. Àjẹsára ẹ̀ wà nígboro, inú yìnyín ni wọ́n ń gbé e sí. Èmi ni mo ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Sọ Òótọ́
Ata gígún nínú omi ló ń wò ó.

Àgbẹ̀ Ìrọ̀lẹ́
Mo fún wọn lata. Wọ́n kú pẹ̀lú ata.

Ìyá Ọlọ́mọ Méje
Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ará mi. Mo ka gbogbo ẹ̀ sókè fún bàbá wọn. Nígbà tí mo dé ibi àtẹ́lẹwọ́, ó ní kí n dúró ná, ó jáde lọ sẹ́yìnkùlé. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó wọlé. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Iṣu mẹ́ta lóòjọ́, ta ló ń jẹ ẹ́?" Mo fi ìbejì hàn án. Ó ní a ò ní kó lọ lọ́dún yìí. Ó máa lọ gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ọmọ á máa lọ síléèwé wọn, a ó sì ra ewúrẹ́ méjì sẹ́yìnkùlé.

Àǹtí Àkọ́bí
Ta ló máa já ewé fún ewúrẹ́ méjì yẹn?

Ìyá Ọlọ́mọ Méje
Òun ni. Mo ti sọ fún un.

Ìyá Eléwúrẹ́
Ẹ sá èèpo yín o.