Kíka èrò ọkọ̀ ní Àkúrẹ́

Ẹni tó ń ka ọkọ̀ létí títì

Ẹ̀yin ará, bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ iye èrò tí ọkọ̀ ń gbé ní Àkúrẹ́, ẹ má ka ìjókòó. Tákísì tó gbé èrò mẹ́rin gbéra ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà nílùú yìí, lè ti gbé mẹ́sàn-án kó tó dé Ọjà Ọba, torí bí ẹnìkan ṣe ń bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà lẹlòmíràn ń wọlé. Kò sì sí tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ máa kó jọ. Ọwọ́ awakọ̀ lowó ń bọ́ sí.

Ẹni méjì ni kó dúró, ọ̀kan fún ọkọ̀ tó ń lọ, ìkejì fún èyí tó ń bọ̀. Ìṣẹ́jú 15-15 ni kẹ́ ẹ máa kọ. Ẹ fa igi kan fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí tákísì, kẹ̀kẹ́ Márúwá àti ọ̀kadà ní ojú ìwé tiwọn. Ojú ò lè ká gbogbo èrò, nítorí náà, nínú tákísì márùn-ún, ẹ wo inú ẹyọ kan. Bí tákísì 40 bá kọjá, tẹ́ ẹ wo inú 8, tẹ́ ẹ bá èrò 28 níbẹ̀, mẹ́ta àtààbọ̀ ló bọ́ sí ọkọ̀ kan. Ìlọ́po 40 rẹ̀ jẹ́ 140. Awakọ̀ kì í ṣe èrò. Ọmọ tí ìyá gbé lẹ́sẹ̀ kì í sanwó o, àmọ́ èrò ni, ẹ kà á. Bí gíláàsì bá dúdú, ẹ wo ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ má fojú bù ú.

Awakọ̀ tákísì

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó wọkọ̀ lẹ́yìn ibi tẹ́ ẹ dúró sí, tó sì bọ́ sílẹ̀ kíá, ẹ ò ní rí i. Ẹ fi ẹnìkan sínú ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó máa kọ iye tó wọlé àti iye tó bọ́ sílẹ̀ níbi ìdúró kọ̀ọ̀kan. Ẹ sanwó ìjókòó rẹ̀, torí àyè èrò ló gbà, kẹ́ ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú iye náà. Ẹ má sì fi ọjọ́ tí FUTA wà nínú ìsinmi ṣe òdiwọ̀n.

Akọ̀wé gáréèjì

Ti ọkọ̀ tó ń lọ sí Èkó àti Ìbàdàn rọrùn díẹ̀, mánífẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ìwé orúkọ àwọn èrò, wà. Àwọn tí ọkọ̀ gbé lẹ́yìn tó jáde ní gáréèjì ni kì í sí níbẹ̀.

Nínú ìlú, ẹni tó wọ ọkọ̀ méjì kó tó délé, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ kà á. Ẹ bi àwọn èrò léèrè níbi tí wọ́n ti ń bọ́ sílẹ̀: “Ọkọ̀ mélòó lẹ máa wọ̀ lónìí kẹ́ ẹ tó débi tẹ́ ẹ̀ ń lọ?”