Ṣé eré ọkọ̀ ni rédà mi ń wọ̀n, àbí ti plasma?

Ẹ̀yin àgbà físíìsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Mo ń ṣírò eré ọkọ̀ tó ń sá ní ìlọ́po 20 eré ìró. Afẹ́fẹ́ iwájú rẹ̀ gbóná débi pé plasma (afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù ti já kúrò lára átọ́mù rẹ̀) bò ó bí aṣọ. Tí ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù bá ti tó 10¹⁸ nínú mítà kúbíìkì kan, ìgbì rédíò tí kò tó nǹkan bíi 9 GHz (bílíọ̀nù mẹ́sàn-án ìgbì ní ìṣẹ́jú àáyá kan) kì í wọlé, ṣe ló ń ta padà.

Rédà 5 GHz ni mo lò nínú ìṣirò mi. Ìyípadà Doppler (bí eré ohun tó dá ìgbì padà ṣe ń yí iye GHz ìgbì náà) tó jáde fẹ̀ bàǹbà, kò ní ṣóńṣó kankan tí mo lè fi mọ eré ọkọ̀! Ó jọ pé plasma tó ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ló ń dá ìgbì padà. Ṣé kí n gòkè lọ sí 35 GHz ni, àbí ọgbọ́n mìíràn wà?