Mo mọ odi àwọn ará Róòmù ju òkè ilé wa lọ: níbo ni kí n fẹsẹ̀ rìn dé lóṣù Kejìlá?

Nọ́ọ̀sì Etí Tyne:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Nọ́ọ̀sì ni mí, ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń gbé Newcastle nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ òru ló pọ̀ jù fún mi, ṣùgbọ́n tí mo bá rí ìsinmi ọjọ́ méjì, n kì í sùn ún tán nílé. Èmi àti ìyá kan ará Jàmáíkà tá a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ibi odi Hadrian, èyí tí ọba Róòmù ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ní ọdún 122. Láti Steel Rigg dé Housesteads, bárékè àtijọ́ kan lẹ́bàá odi náà, la máa ń rìn jù: àgùntàn, òkúta, atẹ́gùn tó fẹ́ ṣí gèlè lórí ẹni, kò sí ariwo kankan.

Ní Housesteads yìí, ṣáláńgá àwọn sójà Róòmù ṣì wà níbẹ̀, a sì rí ojú ibi tí omi ń gbà gbá ìgbẹ́ lọ. Wọ́n kọ àlàyé rẹ̀ sára pátákó. Lọ́jọ́ kan mo dúró tì í, mo bá ara mi sọ̀rọ̀: "Ìwọ yìí, o mọ ibi tí sójà Róòmù ń ṣu sí, o ò dé orí Òkè Ìdànrè rí." Bẹ́ẹ̀ Akúrẹ́ ni wọ́n bí mi sí, Ìdànrè ò ju bí ogún kìlómítà lọ sí wa!

Mò ń bọ̀ wálé lóṣù Kejìlá, ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo sì lè yọ sọ́tọ̀ láàárín ìgbéyàwó méjì àti ìsìnkú kan. Ibi tó pa rọ́rọ́ ni mò ń wá, tí a ti lè rìn dáadáa, tí ohun àwọn baba ńlá wa sì wà níbẹ̀ tí a lè fojú rí. N kò fẹ́ ibi tí wọ́n ti ń gbé sípíkà. Àbúrò mi ọkùnrin ló máa tẹ̀ lé mi. Ọ̀kadà lòun fi ń lọ ra búrẹ́dì ní òpin àdúgbò. Ẹnì kan tó ti lọ sí Ìdànrè sọ fún mi pé àtẹ̀gùn lásán ni, pé kò sí nǹkan kan lókè. Ṣé lóòótọ́? Ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín ni kó dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Ẹ kú iṣẹ́ òru, ẹ̀gbọ́n. Odi tiyín yẹn, mo gbọ́ pé kìlómítà 117 ni. Erédò Súngbọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká tó nǹkan bí 160. Kì í ṣe òkúta o. Yàrà ni: wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì kó erùpẹ̀ rẹ̀ jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, débi pé níbi tó jìn jù, láti orí òkìtì dé ìsàlẹ̀ yàrà tó mítà ogún. Òyìnbó kan, Patrick Darling, wá wọ̀n ọ́n láàárín 1990 sí 1999, òun ló jẹ́ kí ayé gbọ́.

Tẹ́ ẹ bá wọ inú rẹ̀, ó tutù bí inú àmù. Ewédò ti bo ògiri méjèèjì, gbòǹgbò igi ń ṣe bí okùn láti òkè. Kò sí pátákó kankan, ọdẹ tàbí àgbẹ̀ abúlé ni kó mú yín wọ̀ ọ́, torí oko àti ọ̀nà mọ́tò ti gé e sí wẹ́wẹ́. Látibẹ̀ ẹ lè dé Òkè-Ẹ̀rí, ibi ibojì Bílíkísù Súngbọ́, obìnrin tí wọ́n ní òun ló ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà náà. Àwọn kan ní òun ni ọbabìnrin Ṣébà. Èmi ò bá wọn jà.

Adúláwọ̀ Ọ̀tà:
Ẹ ò wá sọ fún un pé obìnrin kì í wọ ibojì náà?

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Ẹ jọ̀ọ́, mo gbàgbé. Bí a ṣe bá a nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Etí Tyne:
Obìnrin ló sùn síbẹ̀, obìnrin ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Ó dáa. Màá wo yàrà lọ́jọ́ mìíràn.

Tíṣà Odòde:
Ọmọ mi, ẹni tó ní kò sí nǹkan kan lókè, ibi tí àtẹ̀gùn parí sí ló dúró sí. Ó ya fọ́tò, ó mu omi, ó sọ̀ kalẹ̀. Mo ti rí irú wọn tó ọgọ́rùn-ún. Ẹnu ọ̀nà ni àtẹ̀gùn yẹn. Ìlú àtijọ́ wa wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọ ọwọ́ ni bàbá mi nígbà tí àwọn èèyàn wa sọ̀ kalẹ̀ wá sí Odòde nísàlẹ̀ òkè ní 1923. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló wà. Ìyá bàbá mi yìí dàgbà kí n tó mọ̀ ọ́n, ohun tó sì máa ń ráhùn lé lórí ni pé ìsàlẹ̀ ń mú ooru, ẹ̀fọn sì pọ̀. Kò sọ̀rọ̀ ìlàjú rí. Ìdí tí wọ́n fi pẹ́ lókè tó bẹ́ẹ̀ ò ṣòro: nígbà ogun, ta ló máa gbé ìbọn gun ibi tí ìwọ alára ń fi ọwọ́ àti orúnkún gùn?

Àtẹ̀gùn jẹ́ 667. Àwọn kan ń kọ 682. Má bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ibi ìsinmi márùn-ún ló wà lójú ọ̀nà, jẹ́ kí àbúrò rẹ jókòó ní gbogbo márààrún. Aago méje àárọ̀ ni kẹ́ ẹ ti wà nísàlẹ̀, torí tó bá fi máa di mọ́kànlá, àpáta á ti gbóná bí agbada tí wọ́n fi ń yan gààrí. Bàtà tó ní eyín ni kó o wọ̀. Ọyẹ́ dára fún ẹsẹ̀, kò dára fún ojú: tó bá mú gan-an, o ò ní rí ìlú nísàlẹ̀.

Ẹ gba amọ̀nà, àgbàlagbà ni kẹ́ ẹ bá wá, kì í ṣe ọmọdé tó ń kánjú kó lè padà lọ mú ẹlòmíràn. Amọ̀nà ló mọ ojúbọ tí a kì í yà sí. Á mú yín kọjá ilé ẹjọ́ àtijọ́, ilé-ìwé àti ibi aago, kẹ́ ẹ tó dé àfin. Ògiri amọ̀ ni, òpó gbígbẹ́ wà ní gbàgede. Jókòó síbẹ̀, má sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Níwájú sí i ni ojú ẹsẹ̀ Agboogun, ẹni inú ìtàn àtijọ́ wa, wà lára àpáta. Wọ́n ní ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn ló ń bá a mu, àfi ti àjẹ́.

Ohun tí wọn kì í sábà mẹ́nu kàn ni ọ̀pọ̀lọ́. Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà lórí àpáta wa tí kò sí níbòmíràn láyé. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kọ nípa rẹ̀ ní 1963, lẹ́yìn náà ó lé ní ogójì ọdún tí wọn ò fi rí i mọ́, títí di 2013. Ọmọ rẹ̀ tí kò tíì ní ẹsẹ̀ kì í gbé inú odò; ojú àpáta tí omi tín-ín-rín ń ṣàn lé ló ń gbé. Lóṣù Kejìlá o lè má rí i, ṣùgbọ́n ibikíbi tó bá tutù lára àpáta, má tẹ̀ ẹ́.

Ará Òkè-Ògùn:
Ẹ má gbàgbé Adó-Àwáyè o! Adágún Ìyákẹ́ wà lórí òkè níbẹ̀, àpáta Iṣagẹ náà sì dúró bí ẹni tó fẹ́ ṣubú, kò sì ṣubú. Ṣùgbọ́n láti Akúrẹ́, ọjọ́ kan ti lọ nínú mọ́tò. Ẹ fi tiwa sí ọdún tó ń bọ̀.

Nọ́ọ̀sì Etí Tyne (oṣù Kìíní):
Mo ti padà dé, yìnyín ń bọ́ bí mo ṣe ń kọ èyí. Ìsìnkú gba méjì nínú ọjọ́ mẹ́ta mi, torí náà Ìdànrè nìkan ni mo rí lọ.

Tíṣà, ẹ ṣé gan-an, sà. Aago mẹ́jọ la tó dé ìsàlẹ̀, àbúrò mi ní òun ò lè gun òkè láìjẹ iyán. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àtẹ̀gùn. Mo dé 431, màmá kan ń sọ̀ bọ̀ pẹ̀lú igi ìdáná lórí, mo kúnlẹ̀ kí i, ó ṣàdúrà fún mi ní ẹ̀ka èdè Ìdànrè, mo ní àmín, òǹkà sì pòórá. Àbúrò mi lo gbogbo ibi ìsinmi, ó sì fẹ́ dá ìkẹfà sílẹ̀.

Nínú gbàgede àfin, mo dákẹ́ bẹ́ ẹ ṣe ní. Mo gbọ́ àkùkọ tó ń kọ ní Odòde nísàlẹ̀ kedere, bí ẹni pé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó.

A wá dé ibi ojú ẹsẹ̀. Àbúrò mi ní èmi ni ẹ̀gbọ́n, kí n kọ́kọ́ ṣe é. Mo bọ́ bàtà odi Hadrian mi, mo ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó bá a mu. Amọ̀nà ti tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ó bá a mu. Ó kan àbúrò mi, ó ní okùn bàtà òun ti ta kókó, kò ṣeé tú. Kò tíì ṣeé tú títí a fi délé.