Onọ́rébù ní òun máa bi kọmíṣọ́nà ìlera léèrè ọ̀rọ̀ hẹ́lùtì sẹ́ńtà wa, kí la máa ní kó bi í gan-an?

Ìyá_Ìbejì_Òmù:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀yin Ìgbómìnà, ẹ̀yin Ọ̀fà, ẹ̀yin ará Ìlọrin tẹ́ ẹ wà níbí. Ẹ dákun mo nílò ìmọ̀ràn. Abúlé wa wà lẹ́yìn Òmù-Àràn, a ní hẹ́lùtì sẹ́ńtà kan tí wọ́n kùn ní funfun àti búlúù, ilé náà dùn ún wò, àmọ́ tó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ wọ́n ti tì í pa nìyẹn. Oṣù tó kọjá ìyàwó àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí lóru, a gbé e débẹ̀, àgádágodo la bá lẹ́nu ọ̀nà, a kanlẹ̀kùn títí ọdẹ fi jáde tó ní nọ́ọ̀sì ti lọ sílé, àárọ̀ ọ̀la ló ń bọ̀. Ọ̀kadà la fi gbé e lọ sí ìlú kejì, èmi ni mo jókòó sẹ́yìn ẹ̀ tí mo dì í mú, òjò ń pa wá, gbogbo ìgbà tí ọ̀kadà bá já sí kòtò ló ń pariwo orúkọ ìyá ẹ̀, orí bẹ́ǹṣì ìta ọsibítù ló bímọ sí. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ìyá ń bẹ, ọmọ ń bẹ. Àmọ́ mi ò lè gbàgbé àgádágodo yẹn.

Onọ́rébù wa wá ṣèpàdé wọ́ọ̀dù lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dìde mo sọ gbogbo ẹ̀. Ó ní òun máa bi kọmíṣọ́nà ìlera ní ìbéèrè nílé aṣòfin, pé ká kọ ohun tá a fẹ́ kí òun bi í wá. Ohun tá a kọ rèé: “Kí ni ìjọba ń ṣe nípa ìlera àwọn ará abúlé wa?” Àbúrò mi kan tó wà ní Yunilọ́rin ní kí n má tíì fi ránṣẹ́, pé ìṣẹ́jú kan ni wọ́n máa fi dáhùn ẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ tiẹ̀ lágbára kankan ni?

Ọmọ_Ọ̀fà_Tòkèòkun:

Ẹ kú ewu ọmọ o mà, Ọlọ́run á wò ó. Òótọ́ ni àbúrò yín sọ.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí tí mo wà, aṣòfin lè kọ ìbéèrè sí mínísítà ìlera láìtiẹ̀ dìde sọ̀rọ̀ rárá. Wọ́n á fún un ní nọ́mbà, orúkọ ẹni tó bèèrè á wà níbẹ̀, ọjọ́ tó bèèrè á wà níbẹ̀, èsì náà á sì bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì tí èmi tí mò ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó lè kà á lórí fóònù mi nínú bọ́ọ̀sì. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n máa ń retí èsì, aṣòfin sì lè dárúkọ ọjọ́ tó fẹ́ ẹ. Èyí tí wọ́n ń bèèrè lójúkojú náà wà, mínísítà á dìde dáhùn ohun tí wọ́n ti kọ ránṣẹ́ sí i tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ẹni tó bèèrè á tún bi í ní ẹyọ kan sí i tí mínísítà ò rí tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ gan-an lojú ti máa ń pọ́n wọn. Íńdíà náà ń ṣe é, wákàtí kan ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un nílé aṣòfin wọn, ìbéèrè tí wọ́n bá fi ìràwọ̀ sí, ẹnu ni wọ́n á fi dáhùn ẹ̀, èyí tí ò ní ìràwọ̀, inú ìwé. Nǹkan ọjọ́ pípẹ́ ni o, ọdún 1721 ni ìbéèrè àkọ́kọ́ tó wà lákọsílẹ̀ wáyé nílé àwọn Lọ́ọ̀dù níbí.

Àmọ́ wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́. Tí ìbéèrè bá fẹ̀ bíi tiyín yẹn, wọ́n á ní ìjọba ò fọ̀rọ̀ ìlera ṣeré, a ti ná báyìí, a tún máa ná báyìí. Tó bá sì jẹ́ pé nǹkan tó pọ̀ jù lẹ ní kí wọ́n kó jọ, wọ́n á ní àwọn ò kó irú àkọsílẹ̀ yẹn sójú kan, tàbí pé wíwá èsì ẹ̀ máa ná wọn ju 850 pọ́ùn lọ, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ láti má dáhùn tó bá ti ju ìyẹn. Nítorí ẹ̀ ni àwọn aṣòfin tó mọ̀ ọ́n ṣe fi máa ń bèèrè nǹkan kékeré tí ìwé ẹ̀ ti wà nílẹ̀. Nọ́ọ̀sì mélòó, níbo, lọ́jọ́ wo. Ẹni tí wọ́n bá bi nírú ẹ̀ ò lè fi ìtàn dáhùn, nọ́mbà ló máa sọ, tí nọ́mbà bá sì jẹ́ irọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lábúlé lẹ máa kọ́kọ́ mọ̀.

Akọ̀wé_Fẹ̀yìntì:

Ìyá ìbejì, ẹ kú ewu. Ọ́fíìsì kílákì ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kan ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí mi.

Ohun tí ọmọ wa òkè òkun ń sọ yẹn ti wà lọ́dọ̀ wa rí. Láyé ìjọba alágbádá àkọ́kọ́, tí Ìlọrin ṣì wà lábẹ́ Àríwá, Kàdúná ni àwọn aṣòfin tiwa ń lọ, inú ilé kan náà ni àwọn mínísítà sì ń jókòó sí pẹ̀lú wọn. Láti 1979 tá a ti mú ètò bíi ti Amẹ́ríkà, kọmíṣọ́nà kì í ṣe ọmọ ilé mọ́, àfi kí wọ́n ránṣẹ́ pè é. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé ilé ò lágbára. Abala 108 ìwé òfin 1999 sọ pé tí ilé bá pe kọmíṣọ́nà kó wá ṣàlàyé bí iléeṣẹ́ ẹ̀ ṣe ń lọ, ó gbọ́dọ̀ wá ni. Abala 128 fún wọn láṣẹ láti wádìí iléeṣẹ́ tó ń ná owó tí ilé fọwọ́ sí, kí wọ́n lè tú ìwà jẹgúdújẹrá àti ìfowóṣòfò síta, 129 wá ní wọ́n lè ní kí èèyàn kó ìwé wá, tó bá kọ̀ tí ò wá, kí wọ́n lọ mú un wá. Àṣẹ wà nílẹ̀, ẹni tó máa lò ó la ń wá.

Ohun tó máa ń ba ìbéèrè jẹ́ jù ni kí wọ́n bi ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn. UITH, ọsibítù ńlá Yunifásítì Ìlọrin tó wà ní Òkè-Òsè, ti ìjọba àpapọ̀ ni, Àbújá ni wọ́n ti ń bèèrè ẹ̀, sẹ́nétọ̀ yín tàbí ẹni tó ń ṣojú yín nílé aṣojú-ṣòfin ni kẹ́ ẹ lọ bá. Jẹ́nẹ́rà ọsibítù, ti ìpínlẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ sẹ́ńtà bíi tiyín yìí, ìjọba ìbílẹ̀ lè máa san owó oṣù, kí àjọ tó ń rí sí ìlera alábọ́ọ́dé ní ìpínlẹ̀ máa darí òṣìṣẹ́, kí owó kan sì tún máa ti Àbújá wá, ìyẹn owó BHCPF, àkànṣe owó fún ìtọ́jú ìlera alábọ́ọ́dé, tí òfin ìlera 2014 ní kó má dín ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpò ìjọba àpapọ̀. Tẹ́ ẹ bá ní kí ni ìjọba ń ṣe, kọmíṣọ́nà á ní ìjọba ìbílẹ̀ ni, ìjọba ìbílẹ̀ á ní Ìlọrin ni, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa jù yín síra wọn bíi bọ́ọ̀lù. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè yín àkọ́kọ́ fi gbọ́dọ̀ jẹ́: ta ló ń san owó nọ́ọ̀sì yẹn, ta ló ń pín wọn síbi iṣẹ́, ta ló fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa ti ibẹ̀ ní aago mẹ́rin.

Àsìkò náà ṣe pàtàkì. Lápá ìparí ọdún tí bọ́jẹ́ẹ̀tì bá dé, iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa wá síwájú kómítì wá gbèjà iye tó fẹ́ gbà, owó ọdún tuntun ò tíì tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, torí náà wọ́n á dáhùn. Mo rí i lójú mi tí dáírẹ́kítọ̀ kan ń làágùn nínú yàrá tí ẹ́síì ń ṣiṣẹ́. Aṣòfin kan tí kì í pariwo rárá ló mú ìwé bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún méjì dání, ó ṣí wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó fi ìka sórí ìlà kan nínú èkíní, ó fi ìka kejì sórí ìlà kan nínú èkejì. Orúkọ sẹ́ńtà kan náà, iṣẹ́ àtúnṣe kan náà, owó ti lé. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní kí ọ̀gá kàn bá òun ka méjèèjì sókè. Kí ó tó ka èkejì tán gbogbo yàrá ti dákẹ́.

Ohun kan tó kù ni pé ẹ má jẹ́ kí onọ́rébù fi ọ̀rọ̀ náà ṣe fóònù. Tó bá pe kọmíṣọ́nà lórí fóònù tí wọ́n sì rán nọ́ọ̀sì kan wá, inú rere nìyẹn, lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé nọ́ọ̀sì náà lọ kò sí ìwé tẹ́ ẹ máa fi bèèrè. Kó wọnú àkọsílẹ̀ ilé, kó jẹ́ lẹ́tà tó ní déètì.

Ọmọ_Gẹ̀ǹbẹ̀:

Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni wọ́n ti ń pè wọ́n wá sílé, wọ́n á wá, wọ́n á wọ agbádá, wọ́n á ka ìwé, wọ́n á bọ ara wọn lọ́wọ́, ọ̀la ẹ̀ lẹ máa gbọ́ lórí rédíò pé kómítì gbóríyìn fún iléeṣẹ́ ìlera. Ìyá mi àgbà ń ra ìbọ̀wọ́ tí nọ́ọ̀sì máa lò, ó ń ra òwú, ó ń ra jíìkì, ní ibi tí wọ́n kọ ọ̀fẹ́ sára ògiri ẹ̀. Kò sí ìbéèrè tí onọ́rébù bi tó yí ìyẹn padà.

Nọ́ọ̀sì_Wa:

Ẹ̀gbọ́n Gẹ̀ǹbẹ̀, mo gbọ́ yín, mo sì mọ ìdí tó fi ń rí bẹ́ẹ̀. Irú sẹ́ńtà bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mi ò ní sọ ibi tó wà. Mà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú sí nọ́ọ̀sì yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun nìkan ni. Èmi àti CHEW kan péré, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìlera agbègbè tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì, la wà níbi tèmi, tí mo bá sun òru ta ló máa gba àwọn aláboyún ní ọ̀sán?

Ọdún kan wọ́n ní kómítì ń bọ̀ wá wo ibi tiwa. Ọjọ́ tó ṣáájú, ọkọ̀ kan gbé fíríìjì àjẹsára wá láti ibòmíràn, ó gbé bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta, wọ́n to oògùn sórí ṣẹ́ẹ̀fù tá a máa ń kó páálí sí. Àwọn onọ́rébù dé, wọ́n wò yíká, wọ́n ya fọ́tò pẹ̀lú wa, wọ́n lọ. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí ọkọ̀ yẹn fi padà wá kó gbogbo ẹ̀. Èmi dúró síbẹ̀, rẹ́jísítà oògùn wà ní abíyá mi, ẹnikẹ́ni ò ní kí n ṣí i. Ká ní wọ́n ṣí i ni, wọ́n á rí i pé odidi oṣù mẹ́rin ni mo fi ń kọ òdo síwájú oxytocin, abẹ́rẹ́ tá a fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lára ìyá ọmọ. Rẹ́jísítà ìgbẹ̀bí náà wà, a máa ń kọ aago tí wọ́n bí ọmọ kọ̀ọ̀kan síbẹ̀. Ẹ ní kí onọ́rébù bèèrè fún ìyẹn. Tẹ́ ẹ bá wo ti oṣù mẹ́fà tẹ́ ẹ ò rí ọmọ kan tí wọ́n bí láàárín aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sí aago mẹ́jọ àárọ̀, ìwé náà ti sọ ọ́ fúnra ẹ̀. Fíríìjì ṣeé yá, rẹ́jísítà ò ṣeé yá.

Káyọ̀_Àjàsẹ́:

Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ lóòótọ́. Kí n fi ọ̀kan kún un: ẹ̀yin fúnra yín náà lè kọ lẹ́tà FOI, ìyẹn lẹ́tà tí aráàlú fi ń bèèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba, òfin 2011 ni, ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fi dáhùn. Tẹ́lẹ̀ àwọn ìpínlẹ̀ máa ń ní kò kan àwọn, àmọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ lọ́dún 2025 pé ó kàn wọ́n. Ẹ kọ tiyín sí ìjọba ìbílẹ̀, kí onọ́rébù bèèrè tiẹ̀ nílé, tí èsì méjèèjì ò bá jọra ẹ ti rí nǹkan mú dání nìyẹn.

Ìyá_Ìbejì_Òmù:

Ẹ ṣé ẹ ṣé, mi ò tiẹ̀ mọ ẹni tí mo máa kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ọmọ Gẹ̀ǹbẹ̀, ìyá àgbà yín á pẹ́ fún yín, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, torí ẹ̀ ni mo fi kọ ti ìbọ̀wọ́ mọ́ ọn. Mo ti fa tàtijọ́ ya. Ohun tá a kọ tuntun rèé, Akọ̀wé ẹ dákun ẹ bá mi wò ó:

“Kí kọmíṣọ́nà ìlera jọ̀ọ́ sọ fún ilé, nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí mélòó ni wọ́n yàn sí hẹ́lùtì sẹ́ńtà wa títí di ọjọ́ tí wọ́n gba ìbéèrè yìí, ta ló ń san owó oṣù wọn, ta ló sì fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa ti ibẹ̀ ní aago mẹ́rin, kó jọ̀ọ́ mú rẹ́jísítà ìgbẹ̀bí àti rẹ́jísítà oògùn oṣù mẹ́fà tó kọjá wá síwájú kómítì, èló ló wọlé fún sẹ́ńtà náà láti inú BHCPF láàárín oṣù mẹ́fà yẹn, kí ni wọ́n sì fi rà, ṣé ìbọ̀wọ́ wà níbẹ̀.”

Mọ́ńdè ni mo máa mú un lọ sọ́fíìsì onọ́rébù fúnra mi. Ìyàwó àbúrò mi ní òun ń bá mi lọ, á pọn ọmọ náà dání.

Akọ̀wé_Fẹ̀yìntì:

Ó dára gan-an. Ẹ yọ “jọ̀ọ́” kúrò níbi méjèèjì tó wà, ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ kọ iye ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ èsì sí ìsàlẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì, kí ọ́fíìsì onọ́rébù fi sítáǹpù àti déètì lu tiyín kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Òmù:

Mo ti yọ ọ́ sà. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni mo kọ.