Kernel tuntun ń mú kí dísìkì mi máa sá lọ: mo fẹ́ tún driver náà ṣe, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ỌmọÀrẹ̀mú
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, ẹ má bínú bó bá gùn. Mo gbé kernel tuntun, ìyẹn ọkàn Linux tó ń darí gbogbo ẹ̀rọ, wọ inú kọ̀ǹpútà mi, mi ò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, àtìgbà náà ni dísìkì mi ti ń ṣe bí àbíkú, á dé, á tún lọ. Mo lè jókòó tì í kí n máa ṣiṣẹ́ fún wákàtí gbáko, kò ní sí wàhálà. Kí n kàn dìde lọ mumi báyìí, kí n tó padà dé, ẹ̀rọ ti dákú. Nígbà mìíràn á jí. Nígbà mìíràn á ní fáìlì òun ti di kíkà nìkan, òun ò gba kíkọ mọ́. Iṣẹ́ oníbàárà mi ti bàjẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, oníbàárà náà ò sì fẹ́ gbọ́ àlàyé.

Èyí tó dùn mí jù ni pé mo kọ̀wé sí àwọn tó ń tọ́jú driver náà, ìyẹn apá kernel tó ń bá dísìkì sọ̀rọ̀. Ọ̀kan ní kí n mú ẹ̀rí wá. Àwọn yòókù ò dá mi lóhùn. Ṣebí Linus Torvalds tó dá Linux sílẹ̀ ló ń pariwo látọjọ́ yìí pé kernel tuntun ò gbọdọ̀ ba ohun tó ti ń ṣiṣẹ́ jẹ́? Tèmi ńkọ́? Mo gbọ́ C, èdè tí wọ́n fi kọ kernel, dáadáa, mo sì ti pinnu láti tún driver náà ṣe fúnra mi. Báwo ni mo ṣe máa fi patch (àtúnṣe kóòdù) ránṣẹ́ tí wọn ò fi ní lè kọ̀ ọ́?

Bàbá_Sáfà
Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Ṣùgbọ́n ìbínú lo kó wá, o ò kó ọ̀rọ̀ wá. Kernel wo lo ti kúrò, èwo lo bọ́ sí? Ọ̀nà SATA ni dísìkì náà fi so mọ́ bọ́ọ̀dù ni àbí NVMe? Kí ni dmesg, ìwé ìròyìn kernel, sọ nígbà tó dákú? Patch wo lo fẹ́ kọ nígbà tí o ò tíì mọ ohun tó ń ṣe é? Kó o tó dáhùn, da gbogbo fáìlì rẹ kọ sórí dísìkì mìíràn ná.

Mọ́rẹ̀nikẹ́
Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Wọ́n ní kernel ni, wọ́n tún ní kí n pààrọ̀ dísìkì. Mo pààrọ̀ ẹ̀, kò gbọ́. Okùn tó so dísìkì mọ́ bọ́ọ̀dù ló ń kú lọ! Ṣe smartctl -a, àṣẹ tó ń fi ìlera dísìkì hàn, kó o wo ìlà 199, UDMA_CRC_Error_Count (iye àṣìṣe lójú ọ̀nà okùn). Bí nọ́ńbà ibẹ̀ bá ń gòkè, okùn ni kó o wò.

Alájàpá_Bíìtì
Ẹ da fáìlì yín kọ o! Ẹ wo ìlà 5 (ibi tó bàjẹ́ tí dísìkì ti pààrọ̀) àti 197 (ibi tí kò rí kà dáadáa) pẹ̀lú. Bí 197 bá ti kúrò ní òdo, ẹ má fọkàn tán dísìkì yẹn mọ́.

ỌmọÀrẹ̀mú
Kì í ṣe okùn, mà. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ni, inú bọ́ọ̀dù gan-an ni wọ́n ki dísìkì bọ̀. Òdo ló wà ní gbogbo ìlà tí ẹ dárúkọ. Bí mo bá sì yan kernel àtijọ́ nínú GRUB, ètò tó ń gbé kernel dìde, kò sí ohun tó ń ṣe é. Ẹ̀gbọ́n Sáfà, ìbínú mi nídìí, sà. SATA ni, láti 6.1 sí 6.12. Ohun tí dmesg kọ rèé (kíkọ sórí dísìkì kùnà, ó tún ìsopọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, ó sì sọ fáìlì di kíkà nìkan):

ata1.00: failed command: WRITE FPDMA QUEUED
ata1: hard resetting link
EXT4-fs (sda2): Remounting filesystem read-only

Bàbá_Sáfà
Ó dáa, ojú ọ̀nà ti ń là. git bisect ló kàn, èyí tó ń wá àtúnṣe tó ba nǹkan jẹ́. Commit, ìyẹn àtúnṣe kọ̀ọ̀kan, tó wà láàárín 6.1 sí 6.12 lé ní 100,000, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó bà ọ́ lẹ́rù: ó máa ń gé e sí méjì ní gbogbo ìgbà ni, bí ìdánwò 17 tàbí 18 ló máa gbà kó tó já sí ọ̀kan ṣoṣo.

Ìdákẹ́jẹ́
Bisect fún kí ni? Ẹ jẹ́ kó dúró sórí 6.1, àtúnṣe ṣì ń wọ ibẹ̀. Èmi ò kúrò lórí tèmi.

Bàbá_Sáfà
Títí dìgbà wo? 6.1 náà á kásẹ̀ nílẹ̀. Bí gbogbo èèyàn bá sá sẹ́yìn láìwí, ta ni yóò mọ̀ pé nǹkan bàjẹ́?

Ìdákẹ́jẹ́
Ẹ̀gbọ́n, ẹni tí iṣẹ́ oníbàárà ẹ̀ ń bàjẹ́ ò ráyè máa fi kóòdù kọ́ kernel mọ́jú. Ẹ ṣàánú ẹ̀.

ỌmọÀrẹ̀mú
Ẹ sinmi ná. Mo ti ṣe bisect. Kò mú nǹkan kan jáde, ni mi ò ṣe sọ ọ́. Gbogbo èyí tí mo fúnra mi kọ́ látinú kóòdù ló ń ṣiṣẹ́, títí kan 6.12 gan-an. Èyí tí mo gbà látọ̀dọ̀ àwọn tó ń pín ètò náà fún wa nìkan ló ń dákú.

Mọ́rẹ̀nikẹ́
Háà! Ìdí ọ̀rọ̀ gan-an lo fi pamọ́ yẹn! Config wo, ìyẹn àkójọ ètò tí kernel ń tẹ̀ lé, lo fi kọ́ ọ?

ỌmọÀrẹ̀mú
Ti 6.1 tó wà nínú /boot ni mo dà kọ, mo wá ṣe make olddefconfig, àṣẹ tó ń fi ti àtijọ́ sílẹ̀, tó sì ń dáhùn ìbéèrè tuntun fúnra rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ní ká ṣe é nìyẹn.

Mọ́rẹ̀nikẹ́
O ṣe é bó ṣe yẹ. Àmọ́ bí 6.12 tìrẹ bá ń ṣiṣẹ́, tí 6.12 tiwọn ń dákú, inú config ni kó o kọ́kọ́ wá a sí. Ṣe diff àwọn méjèèjì, ìyẹn kó o fi wọ́n wéra, kó o wo ibi tí wọ́n ti kọ SATA.

ỌmọÀrẹ̀mú
CONFIG_SATA_MOBILE_LPM_POLICY, tó ń sọ bí ìsopọ̀ SATA ṣe máa dín iná kù. 0 ni ti àtijọ́, 3 ni ti tuntun.

Bàbá_Sáfà
Òun nìyẹn! 0 túmọ̀ sí pé kí kernel fi í sílẹ̀ bí firmware (ètò inú ẹ̀rọ gan-an) ṣe tò ó. 3 ni med_power_with_dipm: bí iṣẹ́ bá ti dáwọ́ dúró díẹ̀, ìsopọ̀ SATA á sùn kí bátìrì lè pẹ́, dísìkì fúnra rẹ̀ sì láṣẹ láti mú un sùn. Dísìkì tìrẹ ń sọ pé òun mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n bó bá sùn, kì í jí dáadáa. Ìdí tó fi jẹ́ ìgbà tó o bá dìde nìkan ló ń dákú nìyẹn. Fi ahci.mobile_lpm_policy=1 (ahci ni driver SATA, 1 ni pé kí ìsopọ̀ má sùn) kún ìlà tí GRUB fi ń gbé kernel dìde, kó o wò ó.

Ìdákẹ́jẹ́
Ẹ̀bi àwọn tó ń kọ kernel kọ́ nìyẹn o. Inú ìwé reporting-regressions tiwọn náà ló wà pé ìgbà tí config méjèèjì bá jọra ni òfin pé kernel tuntun ò gbọdọ̀ ba nǹkan jẹ́ yẹn dè wọ́n. Ọ̀dọ̀ àwọn tó yí config padà ni kó gbé ẹjọ́ lọ.

Mọ́rẹ̀nikẹ́
Kó gbé e lọ síbẹ̀, kó sì gbé e lọ sí linux-ide, àkójọ lẹ́tà àwọn tó ń tọ́jú driver dísìkì, náà. Ẹni tó bá ra irú dísìkì yìí lọ́la, config 3 ló máa bá. Libata, apá kernel tó ń bójú tó SATA, ní àkójọ àwọn dísìkì tí kò gbọdọ̀ sùn.

ỌmọÀrẹ̀mú
Mo ti fi ìlà yẹn sí i, mo fi ẹ̀rọ sílẹ̀ látàárọ̀, kò dákú. Ẹ ṣé gan-an ni. Ṣùgbọ́n mi ò yí ohùn padà: ó yẹ kí ẹni tó ní kí n mú ẹ̀rí wá ti béèrè config lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n kúkú kọ patch tó máa yọ oorun yẹn kúrò nínú ahci pátápátá?

Bàbá_Sáfà
Rárá o! Wọ́n á kọ̀ ọ́, wọ́n á sì jàre. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká, bí ìsopọ̀ SATA ò bá sùn, CPU náà ò ní lè sùn wọra, bátìrì gbogbo ayé lo máa fi wo dísìkì tìrẹ sàn. Ìlà kan ṣoṣo ni kó o fi kún àkójọ tó wà nínú libata-core.c, pẹ̀lú àmì NOLPM (kó má sùn). Orúkọ dísìkì náà gẹ́lẹ́ bí hdparm -I ṣe kọ ọ́ ni kó o lò, àti nọ́ńbà firmware rẹ̀, kó má baà mú èyí tí kò ṣẹ̀. Wo ojúewé ẹni tó ṣe dísìkì náà ná, bóyá firmware tuntun ti jáde. get_maintainer.pl ló máa sọ ẹni tó o máa fi ránṣẹ́ sí. Kọ ohun tó o bá nínú diff yẹn sínú lẹ́tà náà.

Alájàpá_Bíìtì
Ṣé o ti da fáìlì rẹ kọ?

ỌmọÀrẹ̀mú
Ó ń lọ lọ́wọ́, sà.