Doug Watkins kì í ṣe ẹlẹ́gbẹ́: elégbè ni

Láti Ìjẹ̀bú-Igbó:

Ẹ̀gbọ́n wa ní Ṣàgámù kọ̀wé láti yin Doug Watkins, atabéèsì jáàsì ọmọ Detroit, ẹni tó ń fi ìka ta béèsì, ohun èlò olókùn ńlá tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ìyìn náà tọ́ sí i, ó tiẹ̀ ti pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n wọ́n wá pe ọkùnrin náà ní «ẹlẹ́gbẹ́», wọ́n ní òun ni sideman (olórin tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ olórí ẹgbẹ́) lédè wa, torí pé ẹ̀gbẹ́ ni side. Ẹ dákun, ẹ má bínú, kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ohùn. Oní pàdé ẹgbẹ́, ó di ẹlẹ́gbẹ́: ẹni tí ẹ jọ jẹ́ ọgbà. Oní pàdé ẹ̀gbẹ́, ohùn ìsàlẹ̀ tó ṣáájú yẹn kò ní í kú, ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ ni yóò jáde, bí ìwé ṣe di oníwèé, tí òkúta di olókùúta. Nítorí náà ohun tí ẹ̀gbọ́n kọ kì í tilẹ̀ ṣe ohun tó wà lọ́kàn wọn. Ẹni tó bá tún ṣi ẹnu gbé díẹ̀ sí i, «ègbé» ni yóò bá pàdé, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Ká tilẹ̀ ní ohùn rẹ̀ pé, ìgbà wo ni béèsì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnikẹ́ni? Ìsàlẹ̀ ló wà. Ẹ gbọ́ orin St. Thomas nínú àwo Saxophone Colossus tí Sonny Rollins, onífèrè sasofóònù, ṣe ní 1956. Ijó erékùṣù Kàríbíánì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, Watkins ń fo, ó ń fi àyè sílẹ̀ fún ìlù Max Roach. Lẹ́yìn tí Roach dá lùlù tán, ẹsẹ̀ yí padà: béèsì ń ta ohùn mẹ́rin ní ìwọ̀n orin kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin, mẹ́rin, mẹ́rin, kò fo ọ̀kan. Inú mẹ́rin yẹn ni iṣẹ́ wà. Èkíní sábà máa ń jẹ́ ìpìlẹ̀ kọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn ohùn tó ń dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí onífèrè lè mọ ilé tó wà. Ẹ̀kẹrin a máa sún mọ́ kọ́ọ̀dù tó ń bọ̀, bóyá ní ààbọ̀ ohùn lókè rẹ̀ tàbí nísàlẹ̀, bí ẹni ń ṣílẹ̀kùn. Bí ìka bá yá ju igi ìlù lọ, gbogbo wọn á máa sáré. Bó bá pẹ́, orin á wúwo bí ẹrù tútù. Bó bá gé ohùn okùn kúrú, ihò á yọ, dùùrù á máa wá dí i, ariwo á wọlé. Ohùn Watkins gùn, ó kún, ihò kì í yọ.

Ẹyọ ọ̀rọ̀ tó mọ iṣẹ́ yìí nínú èdè wa ni gbè. Gbèjà. Gbè lẹ́yìn. Gbè lẹ́sẹ̀. Ẹ wo ìkẹyìn yẹn dáadáa: ẹsẹ̀ ló wí, kò wí ìhà. Oní pàdé ègbè, elégbè. Nínú àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá, ọmọ ìlú wa, agídìgbo ló ń gbè é lẹ́sẹ̀, ìka ń ta irin pẹlẹbẹ lórí àpótí, ohùn kan náà ń lọ, ó ń bọ̀. Àwọn àgbà tó ní bí òwe bí òwe là ń lu agídìgbo kò pe onílù rẹ̀ ní ará ẹ̀gbẹ́.

Iṣẹ́ sì ni elégbè, kì í ṣe ipò. Àwo méjì péré ni Watkins jẹ́ olórí fún. Nínú Soulnik, 1960, cello, ohun èlò olókùn tó kéré sí béèsì, ló mú, ó gbé béèsì fún Herman Wright. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Charles Mingus, tí béèsì fúnra rẹ̀ sọ di ńlá, jókòó sídìí dùùrù fún àwo Oh Yeah, Watkins ló sì gbé béèsì lé lọ́wọ́. Jàǹbá ọkọ̀ pa á ní Arizona ní February 1962, kò tíì pé ọmọ ọdún 28.

Láti Ṣàgámù:

Mo gbà, ohùn ṣì mí gbé. Ṣùgbọ́n àbúrò mi, o gbàgbé lílé. Kò sí ègbè níbi tí lílé kò bá tíì jáde, ọmọdé tó ń kọrin òṣùpá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbé orin Blue 7 sórí ẹ̀rọ, nínú Saxophone Colossus kan náà. Ta ló kọ́kọ́ jáde? Béèsì ni. Watkins ti ń rìn lọ kí Rollins tó fẹnu kan fèrè. Ègbè wo ló ń ṣáájú lílé? Alábàárìn ni mo fi rọ́pò tèmi, torí àwọn onímúsíìkì fúnra wọn ló ń sọ pé béèsì ń rìn. Àti pé agídìgbo kì í ṣe ti Ìjẹ̀bú-Igbó nìkan.

Láti Ìjẹ̀bú-Igbó:

Ẹ̀gbọ́n, alábàárìn ni ẹni tó ń bá ẹlòmíràn rìn. Nínú Blue 7 tí ẹ fà yọ, ta ni Watkins ń bá rìn nígbà tó dá wà? Ẹni tó ń lu agogo àti ẹni tó ń jan ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ti máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́ kí lílé tó jáde, a kò sì torí ẹ̀ sọ pé wọn kò gbè é. Mo ṣì di gbè mú. Ti agídìgbo, mi ò gbà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi í sí ìwé mìíràn.