Sọ́fítíwíà ilé-ìkàwé wa ti fẹ́ kú. Ṣé ká tẹ̀lé àwọn tó ṣe é lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Èmi_Nìkan_Níbẹ̀
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi nìkan ni mò ń tọ́jú ilé-ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ kan, ìwé inú rẹ̀ yóò tó 9,000. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni sọ́fítíwíà wa wà lórí rẹ̀, abẹ́ tábìlì mi ló ń gbé. Lóṣù tó kọjá, kò tan. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń fọwọ́ kọ nọ́ńbà káàdì àti nọ́ńbà báàkóòdù sínú ìwé, ẹni tó yá, ẹni tó dá padà. Ìgbà tí wọ́n tún un ṣe tán tí mo ń tẹ̀ wọ́n wọlé ni mo rí i pé 0 àti 6 tèmi ò yàtọ̀ síra. Ìwé mọ́kàndínlógún ló lọ sọ́rùn ẹni tí kò yá wọn. Ọmọ kan tí ò wọ ilé-ìkàwé rí láyé ń jẹ wá ní ìwé físíìsì méjì.

Àwọn tó ṣe sọ́fítíwíà náà ní lẹ́yìn ọdún yìí, àwọn ò bójú tó o mọ́. Kí á wá sórí tuntun wọn: orí sáfà tiwọn, ìyẹn kọ̀ǹpútà wọn tí à ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì dé, ló wà, owó ọdọọdún ni, AI yóò sì máa ṣe kátálọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀. Ọ̀gá mi ti fẹ́ buwọ́ lù ú. Ọkàn tèmi ò balẹ̀. Ibo ni nǹkan wọ̀nyí ń lọ gan-an?

Àgbà_Kátálọ́ọ̀gì
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ jẹ́ kí AI dúró ná. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ bi wọ́n: bí ẹ bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ wọn, ṣé wọn yóò kó àkọsílẹ̀ yín fún yín ní MARC, ìlànà àkọsílẹ̀ ìwé tí sọ́fítíwíà ilé-ìkàwé mìíràn náà lè kà?

Ojú mi ti rí i. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, a pààrọ̀ sọ́fítíwíà. Àwọn tá a fi sílẹ̀ kó kátálọ́ọ̀gì wa fún wa lóòótọ́. PDF ni, ojú lásán ló ṣeé kà sí, sọ́fítíwíà tuntun ò lè tò ó sáyè rẹ̀! Oṣù mẹ́jọ lèmi àti ẹnì kan fi jókòó tí à ń tẹ̀ wọ́n sínú àwọn àyè MARC tó ní nọ́ńbà: orúkọ òǹkọ̀wé sí 100, àkọlé sí 245, ISBN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé) sí 020, ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń yọ ẹsẹ̀ lábàtà. Títí dòní, bí mo bá rí 245 lára nọ́ńbà ọkọ̀, ọwọ́ mi á fẹ́ tẹ àkọlé.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé ayé ti kúrò lórí MARC. Láwọn ọdún 1960 ni Henriette Avram àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ṣe é ní Library of Congress, l'Amẹ́ríkà. Láti 2011 ni Library of Congress yìí kan náà ti ń ṣiṣẹ́ lórí BIBFRAME, ìlànà tuntun tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀, MARC ṣì jókòó síbẹ̀.

Ọmọ_Sáfà
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ tán, mo kàn fẹ́ fi Koha kún un, sọ́fítíwíà ilé-ìkàwé tí ẹnikẹ́ni lè lò lọ́fẹ̀ẹ́. Irú ìṣòro yín yìí ló bí i. Ní 1999, sọ́fítíwíà ilé-ìkàwé kan ní Horowhenua, New Zealand, kò ní lè ka ọdún 2000. Wọ́n ní kí wọ́n kọ tuntun fún àwọn, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2000, wọ́n sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹ̀bùn ni "koha" lédè Māori. Àmọ́ ẹ̀bùn tó ń jẹun ni o. Ẹni tó mọ Linux, ètò tó ń darí sáfà náà, gbọ́dọ̀ wà nítòsí tí yóò máa tọ́jú sáfà, tí yóò máa ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ lálaalẹ́. Bí ẹ ò bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, àwọn kan wà tí wọ́n ń gba owó láti bá èèyàn tọ́jú Koha. Bí ìwà wọn bá yí padà, ẹ lè kó Koha yín lọ bá ẹlòmíràn.

Kò_Kàn_Mí_Ṣùgbọ́n
Èmi ò fọkàn tán sáfà ẹnikẹ́ni. British Library, ilé-ìkàwé àpapọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tóbi tó bẹ́ẹ̀, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ ibẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2023, oṣù kìíní 2024 ni wọ́n tó lè wá ìwé nínú kátálọ́ọ̀gì padà. Ẹ gbé ẹ̀dà kan síbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ò dé.

Ní ti AI, mo fún un ní fọ́tò ojú ewé àkọlé ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ ní 1962. Àkọlé àti òǹkọ̀wé, ó gbà á bó ṣe yẹ. Ó wá bá mi hun ISBN kan, nọ́ńbà mẹ́tàlá gbáko. Ìwé 1962! ISBN ò tíì dáyé nígbà náà. Àmì orí ọ̀rọ̀, ó gbá gbogbo rẹ̀ dànù, "ọkọ̀" di "oko". Ó ràn mí lọ́wọ́ o, n ò ní purọ́, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá di mẹ́ta. Ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ fi òun nìkan sílẹ̀ nídìí rẹ̀.

Èmi_Nìkan_Níbẹ̀
Ẹ ṣé gan-an. Mo kọ̀wé sí wọn láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní MARC wà, àmọ́ owó rẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Ọ̀gá mi ka èsì náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ti bírò rẹ̀ bọ àpò.

Àgbà_Kátálọ́ọ̀gì
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ tún kọ̀wé sí wọn: orúkọ àwọn tó ń yá ìwé àti ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ńkọ́? MARC tí wọ́n fi ń kó kátálọ́ọ̀gì kì í gbé ìyẹn. Ẹ gbà á lọ́tọ̀, ní CSV, fáìlì bíi tábìlì tí sọ́fítíwíà púpọ̀ lè kà. Kí ẹ tó gbà á ṣá, ẹ kọ́kọ́ yọ físíìsì méjì yẹn kúrò lọ́rùn ọmọ ọlọ́mọ.